Ta Ló Bí Eruku Ojú Ọ̀run, Ta Ló sì Tọ́ Ọ Dàgbà?

Nígbà ọyẹ́, oòrùn a máa wà lókè láìlè ranjú mọ́ni. A pọ́n, a ṣú díẹ̀, àwọn igi tó wà lókèèrè a sì farasin bí ẹni pé aṣọ funfun bò wọ́n. Eruku ló ń ṣe é. Irú eruku bẹ́ẹ̀ wà láàárín ìràwọ̀ kan sí èkejì, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe: ó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dín kù, ó sì ń sọ ọ́ di pípọ́n. Ibi tí eruku ọyẹ́ ti ń gbéra kò ṣòro fún àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ láti tọ́ka sí: aginjù Sàhárà ni, pàápàá àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Ti eruku ojú ọ̀run kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ń jiyàn lórí ibi tó ti ń wá, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn nídìí ìràwọ̀ arúgbó àti gáàsì àárín ìràwọ̀ láìrí ìdáhùn tí gbogbo wọn jọ fọwọ́ sí.

Eruku náà kéré níye. Bí a bá kó òṣùwọ̀n ọgọ́rùn-ún gáàsì àárín ìràwọ̀ jọ, eruku inú rẹ̀ kò ju òṣùwọ̀n kan lọ. Síbẹ̀, orí hóró eruku ni átọ́ọ̀mù háídrójìn méjì ti ń pàdé di mọ́líkù, inú ìkùukùu irú mọ́líkù bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ tuntun. Eruku ló lẹ̀ mọ́ra di òkúta, òkúta ló kóra jọ di ayé tí a ń tẹ̀ yìí. Nínú gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ìràwọ̀ ti tàn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bí ìdajì ni eruku ti gbé mì tó sì tún tú jáde bí ooru. Ẹni tí kò bá mọ orísun eruku kò lè fi gbogbo ẹnu sọ bí ìràwọ̀ àti ayé ṣe di ohun tí wọ́n dà.

Ọ̀nà mẹ́ta gbòógì ni ìdáhùn pín sí. Àwọn kan ní ìràwọ̀ arúgbó ló ń mí i síta. Àwọn kan ní inú ìràwọ̀ tó bú gbàmù ló ti ń jáde. Àwọn kan sì ní inú gáàsì tútù fúnra rẹ̀ ló ti ń dàgbà. Èrò tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ níhìn-ín ni pé ìbéèrè méjì ni wọ́n dì pọ̀ bí ẹyọ kan: ta ló bí hóró eruku, ta ló sì tọ́ ọ dàgbà? Láwùjọ wa, a mọ̀ pé ìyá tó bí ọmọ lè má jẹ́ ìyá tó wò ó, a kì í sì í fi ẹ̀rí ọ̀kan já èkejì nírọ́. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn lórí eruku ló jẹ́ pé ẹnì kan ń mú ẹ̀rí ìbí wá dáhùn ìbéèrè ìtọ́, ẹlòmíràn sì ń fi ẹ̀rí ìtọ́ sẹ́ ìbí.

Ohun tí kò sí iyàn lé lórí

Ní 1904, Johannes Hartmann ní Potsdam, ilẹ̀ Jámánì, ń wo ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn ká nínú Orion. Ó rí àmì kálísíọ́mù kan nínú ìmọ́lẹ̀ wọn tó dúró sójú kan nígbà tí àwọn àmì ìràwọ̀ náà ń sún síwá sẹ́yìn. Gáàsì kan tí kì í ṣe ti ìràwọ̀ wọ̀nyẹn ló wà lójú ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, E. E. Barnard ya àwòrán àwọn ibi dúdú ojú ọ̀run, ó sì tẹ àkójọ wọn jáde ní 1919. Ní 1930 ni Robert Trumpler, ní ilé ìwòràwọ̀ Lick ní California, wá fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀: ìmọ́lẹ̀ àwọn ìdìpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà ń dín kù ju bí jíjìnnà wọn nìkan ṣe lè mú un dín kù lọ. Nǹkan kan ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà.

Láti ìgbà náà ni ohun tí gbogbo wọn gbà ti ń pọ̀ sí i. Hóró wọ̀nyí kéré: èyí tó tóbi níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin máíkírọ́ọ̀nù lọ, irun orí ènìyàn sì nípọn jù ú ní ìlọ́po igba tàbí jù bẹ́ẹ̀. Oríṣi méjì ló pọ̀ jù. Ọ̀kan jẹ́ òkúta bí iyanrìn, tí wọ́n ń pè ní sílíkéètì, tí sílíkọ́nì, ọ́ksíjìn, magnesium àti irin para pọ̀ di. Wọ́n ń mọ̀ ọ́n nípa àmì rẹ̀ ní máíkírọ́ọ̀nù 9.7 nínú ìmọ́lẹ̀ infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí àmọ́ tí ara ń mọ̀ bí ooru. Èkejì jẹ́ kábọ̀nù, ìbátan èédú. Ẹ̀rí tó lágbára jù nípa bí eruku ṣe pọ̀ tó kò sì ti ara eruku wá, ti ara gáàsì ni. Láti ìgbà tí sátẹ́láìtì Copernicus ti lọ sókè ní 1972, àwọn onímọ̀ ti ń ka iye èròjà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú gáàsì àárín ìràwọ̀ dáadáa. Nínú irin tó yẹ kí wọ́n bá níbẹ̀, ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí kò sí. Sílíkọ́nì náà dín gan-an. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè wà ju inú hóró eruku lọ. Kí òǹkàwé fi iye yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ìjà tó kù dá lé.

Àwọn tó ní ìràwọ̀ arúgbó ni

Ìràwọ̀ tó wúwo tó Oòrùn wa títí dé bí ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ kì í bú gbàmù nígbà tó bá fẹ́ kú. Nígbà tí èròjà tó ń jó nínú rẹ̀ bá ń tán lọ, a wú, a pọ́n, òde ara rẹ̀ a sì tutù sí nǹkan bíi 3,000 dígírì tàbí kó dín. Oòrùn wa náà yóò débẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún márùn-ún sí àkókò yìí. Irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa wú, a sì máa fún pọ̀, léraléra bí àyà ẹni tó ń mí. Mira, tí David Fabricius kíyè sí ní 1596, ń parí ìmí kan ní nǹkan bí ọjọ́ 332. Mímí yìí ń ti gáàsì kúrò lára ìràwọ̀. Bí gáàsì náà bá ti jìnnà tó tí ó tutù sí bíi 1,500 títí dé 1,000 dígírì, hóró eruku a bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ a wá máa ti hóró náà lọ, hóró náà a sì máa wọ́ gáàsì tẹ̀ lé ara rẹ̀, ní kìlómítà bíi 10 sí 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìràwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ayé pẹ̀lú ìwúwo Oòrùn mẹ́ta, kò tó ìwúwo Oòrùn kan tí yóò kù lára rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Gbogbo ìyókù ti di ti ojú ọ̀run.

Irú eruku tí ìràwọ̀ kan yóò bí wà lọ́wọ́ òfin kékeré kan tó dùn mọ́ mi púpọ̀. Kábọ̀nù àti ọ́ksíjìn inú gáàsì náà a máa kọ́kọ́ so pọ̀ ní méjì-méjì, ìdè tí ó ṣòro láti tú. Èyí tó bá ṣẹ́kù láìrí ẹnìkejì ló ń pinnu. Bí ọ́ksíjìn bá ṣẹ́kù, òkúta sílíkéètì ni eruku yóò jẹ́. Bí kábọ̀nù bá ṣẹ́kù, èédú àti sílíkọ́nì káábáìdì ni. Ìdí nìyẹn tí oríṣi eruku méjì tó wà lójú ọ̀run fi bá oríṣi ìràwọ̀ arúgbó méjì mu rẹ́gí.

Ẹ̀rí ẹgbẹ́ yìí pọ̀, ó sì ṣeé fojú rí. Ní 1952, Paul Merrill rí technetium lára àwọn ìràwọ̀ pupa kan. Èròjà yìí kì í pẹ́: èyí tó pẹ́ jù nínú oríṣi rẹ̀ ń dín sí ìdajì láàárín nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún mẹ́rin, ìràwọ̀ náà sì ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Inú ìràwọ̀ náà ló ti ṣẹ̀dá rẹ̀, ó sì ti gbé e wá sójú ara. Ní 1969, Woolf àti Ney fi hàn pé àmì sílíkéètì wà yí àwọn ìràwọ̀ tútù ká. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kéde IRC+10216, ìràwọ̀ oníkábọ̀nù kan tó wà ní nǹkan bíi 400 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa, tí eruku tirẹ̀ bò débi pé infrared ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti ka mọ́líkù tó lé ní 80 oríṣi nínú aṣọ tó fi bora. Ẹ̀rí kan tún wà tí ènìyàn lè di mú lọ́wọ́. Nínú òkúta Murchison tó já bọ́ láti ojú ọ̀run sí Australia ní 1969, àwọn onímọ̀ yọ àwọn hóró sílíkọ́nì káábáìdì tó ti wà kí Oòrùn tó wà. Bí ísótóòpù inú wọn, ìyẹn àwọn oríṣi èròjà kan náà tí ìwúwo átọ́ọ̀mù wọn yàtọ̀, ṣe pọ̀ sí ara wọn fi hàn pé ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn tó ti ara ìràwọ̀ pupa arúgbó wá. Nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì ìràwọ̀ tó bú gbàmù.

Ẹ̀rí òkúta yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà síta nígbà iyàn, àmọ́ ó ní àléébù tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Àwọn hóró tí ísótóòpù wọn ṣàjèjì nìkan ni ọ̀nà yìí lè mú. Hóró tó bá dàgbà nínú gáàsì àárín ìràwọ̀ yóò ní ìpín ísótóòpù tí gbogbo gáàsì ní, kò ní ṣàjèjì, ẹni tó ń wá a yóò sì ka á mọ́ ohun tí a ṣe nílé. Àpapọ̀ àwọn hóró àjèjì wọ̀nyí kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún òkúta tó gbé wọn wá. Ẹ̀rí ìbí ni, kò lè sọ nǹkan kan nípa ìtọ́.

Ìṣòro kejì jẹ́ ti iye. Large Magellanic Cloud, agbo ìràwọ̀ kékeré tó múlé ti tiwa, ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí gbogbo ìràwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà sí wa bákan náà, tí èèyàn sì lè ka gbogbo wọn pa pọ̀. Awò awọ̀nàjíjìn Spitzer kà wọ́n. Nígbà tí Mikako Matsuura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò náà ní 2009, eruku tí àwọn ìràwọ̀ arúgbó ń tú jáde kò tó láti ṣàlàyé èyí tó ti wà nílẹ̀. Ìṣòro kẹta kéré sí i ṣùgbọ́n ó ń dà mí láàmú. Yí ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ arúgbó ká, apá kan nínú sílíkéètì tò létòlétò bí iyọ̀. Nínú gáàsì àárín ìràwọ̀, Kemper, Vriend àti Tielens wá irú hóró títò bẹ́ẹ̀ ní 2004, wọn kò sì rí ju nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn olùgbèjà ní ìdáhùn: ìtànṣán alágbára tó ń fò kiri ojú ọ̀run ń fọ́ títò hóró náà rú bó ti ń pẹ́ níbẹ̀. Ìdáhùn náà bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ bí ojú ọ̀run bá lè yí hóró padà tó bẹ́ẹ̀, a ti gbà pé hóró tó ń fò kiri kì í ṣe hóró tó kúrò lára ìràwọ̀ mọ́.

Àwọn tó ní inú ìbúgbàmù ni

Ìràwọ̀ tó bá wúwo ju Oòrùn mẹ́jọ lọ kì í pẹ́ láyé; kò lè pé ogójì mílíọ̀nù ọdún tí yóò fi bú gbàmù di supernova. Yíyára yìí ni agbára ẹgbẹ́ kejì. Ní 2003, wọ́n rí àmì eruku tó wúwo ju Oòrùn ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ nínú agbo ìràwọ̀ SDSS J1148+5251, tí a ń rí bó ṣe wà nígbà tí àgbáálá ayé kò tíì pé 900 mílíọ̀nù ọdún. Ìràwọ̀ bí Oòrùn wa ń lo bílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá kó tó gbó. Àwọn tó tóbi jù nínú ẹgbẹ́ arúgbó lè dé kánkán, lẹ́yìn nǹkan bí ogójì mílíọ̀nù ọdún, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó. Ohun tó ń yára kú ni a nílò, supernova sì ni.

Fún ọdún púpọ̀, ẹ̀rí kò gbè wọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 1987, ìràwọ̀ kan bú gbàmù nínú Large Magellanic Cloud, ó sì súnmọ́ wa débi tí ojú lásán fi rí i. Supernova 1987A ni wọ́n ń pè é. Eruku tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìwúwo Oòrùn. Nǹkan yí padà ní 2011, nígbà tí awò awọ̀nàjíjìn Herschel, tó lè rí ohun tó tutù gan-an, rí eruku tó tó 0.4 sí 0.7 ìwúwo Oòrùn níbẹ̀. Ìyẹn ju ìwúwo ayé wa ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ. Àwọn kan ní bóyá eruku àtijọ́ tó ti wà láyìíká ni. Ní 2014, àwòrán láti ALMA ní ilẹ̀ Chile fi hàn pé àárín gbùngbùn ohun tí ìbúgbàmù náà tú síta ni eruku náà wà. Mo ka ẹ̀rí yìí sí ọ̀kan lára èyí tó mọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, ìgbà tí eruku náà dì ṣì ń fa iyàn. Ní 2015, Wesson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún kan náà, Dwek àti Arendt ní ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kìkì pé ó nípọn tó fi bo ara rẹ̀ mọ́ wa lójú.

Àwọn ìràwọ̀ mìíràn tó ti bú kọ́ wa ní sùúrù. Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan kéde pé Cassiopeia A ní eruku tútù tó ju ìwúwo Oòrùn méjì lọ. Ní 2004, àwọn mìíràn fi hàn pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìkùukùu tó wà lójú ọ̀nà wa, kì í ṣe ti ìràwọ̀ náà. Ìṣirò tó wá lẹ́yìn náà fún Cassiopeia A kò tó ìwúwo Oòrùn kan. Crab Nebula, tó jẹ́ ti ìbúgbàmù tí àwọn ará Ṣáínà kọ sílẹ̀ ní 1054, náà ní iye tí wọ́n dá sọ ní 2012 tó tún wá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àtakò tó wúwo jù lọ kì í ṣe ti iye tí wọ́n bí, bí kò ṣe ti iye tó yè. Ohun tí ìbúgbàmù tú síta a máa lọ kọlu gáàsì tó yí i ká, ìgbì kan a sì padà wọ inú rẹ̀ lọ, tí yóò máa gbá hóró mọ́ hóró, tí yóò sì máa ha wọ́n. Ìṣirò Bianchi àti Schneider ní 2007 fi hàn pé ìdá 2 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń la ìgbì yìí já. Ìràwọ̀ kan náà tó bí ọmọ ló ń gbọ́n wọn dànù. Ìdáhùn àwọn olùgbèjà ni pé hóró ńlá kì í parun bí hóró kékeré, wọ́n sì ní ẹ̀rí: ní 2014, Christa Gall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé hóró tó ju máíkírọ́ọ̀nù kan lọ ti wà nínú supernova 2010jl láìpẹ́ sígbà tó bú. Ó jẹ́ ìdáhùn tó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú gáàsì kíkí tí ìràwọ̀ náà ti tú sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni supernova yẹn bú sí, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ní inú gáàsì ló ti ń dàgbà

Ẹgbẹ́ kẹta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó tó di pé àwọn yòókù borí rẹ̀, kó tó tún padà wá. Ní 1946, Jan Oort àti Hendrik van de Hulst ní Leiden, ilẹ̀ Nẹ́dálándì, dábàá pé átọ́ọ̀mù inú gáàsì ń lẹ̀ mọ́ hóró kékeré lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi tóbi. Nígbà tí Hoyle àti Wickramasinghe fi hàn ní 1962 pé ìràwọ̀ oníkábọ̀nù lè tú hóró kábọ̀nù jáde, tí àmì sílíkéètì sì hàn yí ìràwọ̀ ká lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ní 1979, Draine àti Salpeter béèrè ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́: báwo ni eruku ṣe ń pẹ́ tó kó tó parun?

Ìdáhùn ìgbà náà àti ti àwọn ọdún 1990 ni pé kò pẹ́. Gbogbo ìgbà tí ìràwọ̀ kan bá bú, ìgbì rẹ̀ ń gba inú gáàsì kọjá, ó sì ń ba hóró jẹ́. Ìṣirò Anthony Jones àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún sílíkéètì ní nǹkan bíi 400 mílíọ̀nù ọdún láyé, ó fún kábọ̀nù ní 600 mílíọ̀nù. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìràwọ̀ tó wà nínú agbo tiwa nílò nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún méjì ààbọ̀ láti tú eruku tó pọ̀ tó èyí tó wà nílẹ̀ jáde. Ẹ fojú inú wo ìkòkò tó ń jò ju bí wọ́n ṣe ń pọnmi sí i lọ. Bí iye wọ̀nyí bá tọ́, kò yẹ kí ó ju bí ìdá kan nínú mẹ́fà irin àti sílíkọ́nì lọ tí yóò wà nínú eruku. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá irin ló wà níbẹ̀. Orísun mìíràn gbọ́dọ̀ máa bu kún ìkòkò náà, gáàsì tó yí hóró ká nìkan ló sì kù.

Ẹ̀rí méjì mìíràn gbè wọ́n. Edward Jenkins kó ìwọ̀n èròjà inú gáàsì láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ọ̀nà jọ ní 2009, ó sì hàn pé bí gáàsì bá ṣe ń kí sí i ni irin àti sílíkọ́nì inú rẹ̀ ń dín sí i. Eruku tó ti parí látọ̀dọ̀ ìràwọ̀ kò yẹ kí ó mọ ibi tó kí yàtọ̀ sí ibi tó fẹ́lẹ́; eruku tó ń jẹun lọ́dọ̀ gáàsì ló lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wẹ̀, ní 2014, Rémy-Ruyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú àwọn agbo ìràwọ̀ tí èròjà wúwo kò pọ̀ nínú wọn, eruku dín kù ju bí èròjà náà ṣe dín kù lọ. Bí ìràwọ̀ nìkan bá ni orísun, ó yẹ kí méjèèjì máa dín kù ní dọ́gbadọ́gba. Bí ó bá jẹ́ pé eruku ń dàgbà nínú gáàsì, yóò dúró di ìgbà tí oúnjẹ bá pọ̀ tó kó tó sanra, ohun tí wọ́n sì rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yìí ní gbèsè tó pọ̀ jù ti àwọn yòókù lọ, kò sì yẹ kí ìṣirò dáradára bò ó. Ibi tí gáàsì ti kí jù ni ó ti tutù jù, nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá péré sí òtútù pátápátá. Níbẹ̀, omi dídì ló ń kọ́kọ́ bo hóró. Bí sílíkọ́nì, irin àti kábọ̀nù bá ń bọ́ sórí omi dídì papọ̀, báwo ni òkúta ṣe ń yà ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èédú? Nínú gáàsì tó fẹ́lẹ́ sí i, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kì í jẹ́ kí omi dì, àmọ́ átọ́ọ̀mù kì í pàdé hóró kíákíá níbẹ̀. Àwọn olùgbèjà dáhùn pé hóró tó kéré jù máa ń gba iná tó fa átọ́ọ̀mù tó ní iná òdìkejì wá sọ́dọ̀ ara wọn, èyí tó ń mú ìpàdé yá. Àwọn onímọ̀ nílé ìwádìí ní Jámánì sì ti fi hàn láti 2014 pé mọ́líkù sílíkọ́nì mònọ́ksáídì lè dì di òkúta ní òtútù tó sún mọ́ ti ojú ọ̀run láìnílò ooru kankan. Èyí ṣe pàtàkì gidi. Ṣùgbọ́n fún ìgbà ìpilẹ̀ṣẹ̀, Ferrara, Viti àti Ceccarelli kọ ọ́ ní 2016 pé ọ̀nà yìí kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa nínú àwọn agbo ìràwọ̀ àkọ́kọ́, nítorí omi dídì yóò gba ojú hóró kí òkúta tó ráyè.

Àwọn ohùn tí kì í pariwo

Àwọn orísun mìíràn wà tí wọn kò ní ẹgbẹ́ ńlá lẹ́yìn. Betelgeuse, ìràwọ̀ pupa ńlá tó wà ní èjìká Orion, ṣú lọ́nà àrà láti ìparí 2019 di oṣù Kejì 2020. Ohun tí Montargès àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní 2021 ni pé apá kan ara rẹ̀ tutù, eruku sì dì lórí ibẹ̀, ó bò ó mọ́ wa lójú. WR 140, ìràwọ̀ méjì tí ẹ̀fúùfù wọn ń kọlu ara wọn, ń tú òrùka eruku kan síta ní gbogbo ọdún mẹ́jọ tó dín díẹ̀. Ní 2022, awò awọ̀nàjíjìn James Webb rí òrùka tó ju mẹ́rìndínlógún lọ yí i ká. Kò sẹ́ni tó sọ pé àwọn wọ̀nyí nìkan ló bí gbogbo eruku. Síbẹ̀, ní 2023, Joris Witstok àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí àmì kábọ̀nù nínú agbo ìràwọ̀ kan tí a ń rí bó ṣe wà nígbà tí àgbáálá ayé kò tíì pé bílíọ̀nù ọdún kan, kí ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ oníkábọ̀nù tó ráyè gbó. Wọ́n tọ́ka sí irú ìràwọ̀ bíi ti WR 140 àti supernova bí ẹni tó ṣeé ṣe kó bí i. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ibi tí ìdájọ́ fì sí

Tí a bá ya ìbí sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ́, mo gbà pé ẹ̀rí ìbí ti dájú fún ẹgbẹ́ méjì àkọ́kọ́. Hóró inú òkúta Murchison àti àárín supernova 1987A kò fi àyè iyèméjì sílẹ̀. Ní ti ìtọ́, ìṣirò fì sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kẹta, mo sì gbà pé apá tó pọ̀ nínú ìwúwo eruku agbo ìràwọ̀ tiwa ti inú gáàsì wá. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yìí dúró lórí ẹsẹ̀ kan: pé eruku ń yára parun. Ẹsẹ̀ náà sì ń mì. Ní 2011, Jones fúnra rẹ̀ àti Nuth kọ ọ́ pé àìdájú inú ìṣirò náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí sílíkéètì fi lè pẹ́ tó ìgbà tí ìràwọ̀ nílò láti fi rọ́pò rẹ̀. Ní 2015, Slavin, Dwek àti Jones tún ìṣirò ìgbì ṣe, ọjọ́ ayé hóró sì gùn ju bílíọ̀nù ọdún kan lọ. Ẹnì kan lè sọ pé èyí ti pa ẹgbẹ́ kẹta. Kò pa á, nítorí ẹ̀rí Jenkins àti ti àwọn agbo ìràwọ̀ tálákà kò gbára lé ìṣirò ìparun rárá. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ ìpín olúkúlùkù di ohun tí kò sẹ́ni tó lè dá iye sọ.

Ohun tí kò tíì yanjú

Mélòó nínú eruku supernova ló ń la ìgbì tó ń padà wọlé já? Ìdáhùn wà lọ́wọ́ bí hóró ṣe tóbi tó, ìràwọ̀ mélòó kan péré ni wọ́n sì ti wọn èyí lára wọn. Supernova 1987A ṣì ń lọ lójú wa. Ìgbì rẹ̀ kò tíì kọjá lára ọ̀pọ̀ eruku rẹ̀, àwọn ọdún tó ń bọ̀ ni yóò sì jẹ́ ká rí èyí tó yè. Báwo ni òkúta àti èédú ṣe ń dàgbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú gáàsì kan náà? Ilé ìwádìí ti ṣí ilẹ̀kùn, kò tíì sí ẹni tó wọlé tán. Irú hóró wo gan-an ló ni àmì kábọ̀nù tí Witstok rí? Èyí pàápàá ṣì jẹ́ àbá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ pé wọ́n ti rí orísun eruku ojú ọ̀run, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ọdún tí wọ́n fún hóró kan láyé nínú ìṣirò wọn. Láàárín 400 mílíọ̀nù ọdún àti ohun tó ju bílíọ̀nù kan lọ ni nọ́ḿbà náà ṣì ń rìn, kò sì sí awò awọ̀nàjíjìn kankan tó tíì rí hóró kan níbi tó ti ń dàgbà.